Ṣé Ọmọ Ni Ó Ń Yan Eré, Tàbí Eré Ni Ó Ń Yan Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kọ́ láti fi làákàyè ara rẹ̀ yan nǹkan ni. Bí ìyá kò bá sì tètè mójú tó o, ẹlòmíràn tí kò mọ ọmọ náà rí, tí kò sì bìkítà fún ọjọ́ ọ̀la rẹ̀, ni yóò máa bá a yàn án.

Ẹ wá ẹnì kan tí ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kí ẹ bi í léèrè pé géèmù wo ni ó fẹ́ràn jù lọ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ yóò tàn bí ojú ẹni tí ó rí owó he. Yóò sọ orúkọ géèmù náà fún yín, yóò sọ ilé tí ó ti máa ń ṣe é, yóò sì sọ ẹni tí ó máa ń borí rẹ̀. Ẹni yìí kan náà lè má rántí aṣọ tí wọ́n rán fún un fún ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì ní àkókò náà. Kí ni ó fà á? Ìyá ni ó yan aṣọ, bàbá ni ó yan ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n bá sì sè nílé ni ọmọ ń jẹ. Nínú gbogbo ohun tí ó yí ọmọdé ká, eré ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ohun tí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Yíyan Eré Kì í Ṣe Ohun Àjèjì

Kí ẹ má ṣe rò pé ìgbà tí ẹ̀rọ dé ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan eré. Àwọn ìyá wa àgbà yan tiwọn. Bí òṣùpá bá yọ, tí wọ́n sì jẹun alẹ́ tán, ẹni tí ó fẹ́ràn eré sísá yóò lọ sí ìdí bojúbojú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá yóò lọ ṣe tẹ́ǹ-tẹ́ǹ, ẹni tí ó fẹ́ràn kí a máa fo ilà yóò lọ ṣe sùwẹ̀, àwọn mìíràn yóò sì máa fi òkòtó ṣeré. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìrònú ni wọ́n máa ń jókòó ti ọpọ́n ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni a sì ń pín sínú wọn, 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń ta ayò gbọ́dọ̀ fi ojú ka ọmọ inú ihò, kí ó sì mọ ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Ìṣirò ni, sùúrù ni, ìwòye sì ni.

Àwọn àgbà kì í fi ojú eré lásán wo ìdí eré. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọmọ tí ó ní ìfaradà àti ọmọ tí ó ń rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, ọmọ tí ó lè gbà pé wọ́n borí òun àti èyí tí yóò da ọpọ́n rú. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sì sọ fún ọmọ pé eré báyìí ni kí ó ṣe. Eré pọ̀ lójúde. Ọmọ yóò wò yíká, yóò sì lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ fà á sí.

Géèmù Dé Wásinmi

Wásinmi, ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni mo ti lo ìgbà èwe tèmi. Àgbẹ̀ kòkó àti àwọn oníṣòwò kéékèèké ni ó yí wa ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ rí yóò mọ dòdò Ìkirè, èyí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rọ̀, ata, iyọ̀ àti epo pupa ṣe. Dòdò yìí ni ìyá mi ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1997 tàbí 1998, géèmù kékeré kan tí a ń mú dání ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọdé. Bátìrì ni ó ń lò, a sì ń pè é ní bíríkì géèmù. Bíríkì oríṣiríṣi ni ó ń já bọ́ láti òkè, ọmọ yóò sì máa yí wọn padà kí wọ́n lè wọ inú ara wọn láìsí àlàfo. Bí ìlà kan bá kún, yóò parẹ́. Bí bíríkì bá ga dé òkè, eré parí nìyẹn. A kò mọ̀ nígbà náà pé ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan, Alexey Pajitnov, ni ó dá irú eré yìí sílẹ̀ ní ìlú Moscow ní ọdún 1984, tí ó sì pè é ní Tetris.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé ìyá kan ládùúgbò ti ra èyí tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ìbejì rẹ̀. Káséètì bíi mẹ́jọ ni ó tò sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Náírà 5 ni ọmọ yóò san kí ó tó di pádì mú, yóò sì nawọ́ sí káséètì tí ó bá wù ú. Bí iná NEPA bá lọ láàárín eré, kí oníkálukú gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ni, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ìdí pákó yẹn ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé eré tí ọmọ yàn ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ràn Contra, eré àwọn jagunjagun, nítorí pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè jọ ṣe é kí ọ̀kan máa gba èkejì sílẹ̀. Àbúrò mi, tí ó máa ń yára sunkún, fẹ́ràn Super Mario, ọkùnrin kúkúrú onírunmú tí ó ń fò kọjá kòtò. Ó ní bí ọkùnrin náà bá ṣubú, kò sí ẹni tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yóò kàn tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan, tí kò fẹ́ràn ìjà rárá, kò yan nǹkan mìíràn àfi eré ìje ọkọ̀.

Èmi ńkọ́? Bíríkì géèmù ni mo yàn. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ni ó dé, èmi yóò sọ pé ó wù mí ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọwọ́ mi lè tẹ̀. Nínú yàrá tí tẹlifíṣọ̀n wà, àwọn ọmọkùnrin kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin fi ọwọ́ kan pádì. Bí a tilẹ̀ mú owó wa dání, wọn yóò ní, "Ẹ lọ bá ìyá yín fọ abọ́, ti ọkùnrin ni èyí." A ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì máa wòran.

Ìyá mi ni ó ṣàkíyèsí pé owó tí òun ń fún mi máa ń bá mi padà wálé. Ó bi mí ní ìdí rẹ̀, mo sì sọ fún un. Kò bínú, kò sì pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé àtẹ dòdò rẹ̀ kalẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ilé onígéèmù. Nítorí pé ìyá náà jù ú lọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì."

Ìyá náà dáhùn pé, "Kú ìrọ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Mo kàn ní kí n bi yín léèrè ni: ṣé owó ọwọ́ ọmọ mi obìnrin kì í ṣe owó ni?"

Ìyá Ìbejì wò mí, ó wo àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kún yàrá rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Owó mà ni, ìyàwó mi." Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé di ti àwọn ọmọbìnrin.

Láàárín oṣù mélòó kan, mo ti ṣe gbogbo káséètì tí ó wà lórí pákó náà wò. Ní alẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, bí ìyá mi bá ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò bi mí pé, "Èwo ni o yàn lónìí? Kí ni ó dé tí o fi yàn án?" Nígbà tí mo rí gbogbo rẹ̀ tán, bíríkì géèmù náà ni mo tún padà sí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ti yàtọ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn bí àlàfo ṣe máa ń dí, àti bí ohun tí ó rí wúruwùru ṣe máa ń padà wà létòlétò.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Eré kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ní àkọ́kọ́, mo mú un nítorí pé n kò rí òmíràn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú un lẹ́yìn tí mo ti rí òmíràn. Èyí èkejì nìkan ni a lè pè ní yíyàn. Ọmọ tí a gbé nǹkan kan ṣoṣo ka iwájú rẹ̀ kò tíì yan nǹkan kan.

Ọkùnrin Tí Ó Mú Kí Yíyàn Ṣeé Ṣe

Káséètì tí a ń tì bọ inú ẹ̀rọ, tí a sì ń yọ kúrò kí a fi òmíràn sí i, ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì yẹ ní gbígbọ́ fún ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé eré kan tí ń jẹ́ Pong jáde. Ó jọ eré tẹ́níìsì orí tábìlì, owó ẹyọ sì ni wọ́n fi ń ṣe é ní àwọn ibi ìgbafẹ́. Eré kan ṣoṣo yìí ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń rà sílé ní àkókò náà rí: eré tí wọ́n bá kọ́ mọ́ ọn ni ó ní, bí ó bá sì sú ọmọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Fairchild gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń jẹ́ Channel F. Òun ni ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tí ó ń lo káséètì tí eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú wọn. Ẹni tí ó ṣe olórí àwọn tí wọ́n ṣe é ni Jerry Lawson, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí a bí ní New York ní ọdún 1940, tí ó sì kú ní ọdún 2011. Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ní Japan, tí ó ti ń ṣe káàdì ìṣeré láti ọdún 1889, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ oníkáséètì tirẹ̀, Super Mario Bros. sì jáde ní ọdún 1985. Irú ẹ̀rọ oníkáséètì bẹ́ẹ̀ ni ó rìn títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọ Wásinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá Lawson fún yín. Òṣìṣẹ́ èbúté tí ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀, òun náà sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú. Wọn kì í ṣe olówó. Lawson sọ nígbà tí ó dàgbà pé ìyá òun a máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, a sì máa fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́ lẹ́nu wò kí ó tó gbà kí ọmọ òun lọ síbẹ̀. Ó di alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kìkì ọmọ aláwọ̀ funfun ni ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ kan sì wà tí ó gbé àwòrán George Washington Carver, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì aláwọ̀ dúdú, sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ọmọ náà, tí ó sọ fún un pé òun náà lè dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí ìyá nìyẹn: kí á wá ibi tí ojú ọmọ yóò ti là. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wo ohun tí ó wà níbẹ̀, tí yóò sì yàn.

Géèmù Òde Òní

Ní òde òní, fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń ṣe géèmù. Ènìyàn lè rò pé yíyàn tí wọ́n ní ju tiwa lọ, nítorí pé káséètì mẹ́jọ ni ó wà lórí pákó tiwa, nígbà tí géèmù inú fóònù kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí nǹkan ṣe rí ní tòótọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é fẹ́ jẹun. Bí kò bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ní ẹnu ọ̀nà, yóò gbà á nínú ilé: yóò máa fi ìpolówó ọjà hàn án, tàbí kí ó máa ta aṣọ, ohun ìjà àti ẹ̀mí mìíràn fún un láàárín eré. Èrè irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ọmọ má ṣe dìde. Nítorí náà ni ó fi ń fún un ní ẹ̀bùn lójoojúmọ́ kí ó má ba à pa ọjọ́ kan jẹ, tí fóònù fi ń dún láti pè é nígbà tí ó ń ka ìwé, tí eré kan kò sì tíì parí tí òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá tẹ̀ lánàá ni ẹ̀rọ fi ń mọ èyí tí yóò gbé síwájú rẹ̀ lónìí. Ọmọ rò pé òun ni òun ń yan eré. Eré ni ó ń yan ọmọ.

Nígbà tiwa, àwọn tí ń bá ìyá sọ fún ọmọ pé "Ó tó" kò kéré. Owó tí ó tán lọ́wọ́ ń sọ ọ́, iná NEPA ń sọ ọ́, eré tí ó parí ń sọ ọ́, ọmọ tí ó ń dúró de pádì lẹ́yìn ẹni náà sì ń sọ ọ́. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti dákẹ́. Ó ku ìyá àti bàbá nìkan.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka àìlèjáwọ́ nínú géèmù mọ́ àwọn àìsàn, nínú ìwé àkójọ àìsàn rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Àmì mẹ́ta ni wọ́n ní kí á máa wò: pé ènìyàn kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu nídìí géèmù mọ́, pé géèmù ti ṣíwájú gbogbo ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó ṣe, àti pé bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń pa òun lára, kò jáwọ́. Àmì náà a sì máa wà fún nǹkan bí oṣù 12 kí oníṣègùn tó pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ọmọ tí ó kàn fẹ́ràn géèmù rẹ̀ ní aláìsàn. Ẹ má sì ṣe pe géèmù ní iṣẹ́ èṣù, nítorí pé àwọn ọmọ wa pàápàá ti ń ṣe é. Láti ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ní Èkó ti ń ṣe géèmù tí ìgbésí ayé àwa ará Áfíríkà hàn nínú rẹ̀.

Bí A Ó Ṣe Tẹ́ Àtẹ Eré Fún Ọmọ

Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń sọ pé ìyá ni yóò pinnu irú oúnjẹ tí yóò wọ inú ilé, ṣùgbọ́n kí ó fún ọmọ láyè láti yàn nínú èyí tí ó dára. Bákan náà ni kí ẹ ṣe eré. Ẹ bá ọmọ tẹ́ àtẹ. Kí ọmọ wá yàn nínú rẹ̀.

Èkínní, ẹ wo ọjọ́ orí ọmọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má ṣe jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ṣe ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Bí ó bá dín sí i, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ ṣe géèmù náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá: ǹjẹ́ ó ní òpin, ǹjẹ́ ó ń béèrè owó, ǹjẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ẹ tún wo àmì ọjọ́ orí tí ó wà lára rẹ̀. Ti àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ni nọ́ńbà 3, 7, 12, 16 àti 18. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, ń lo lẹ́tà: E wà fún gbogbo ènìyàn, T wà fún ọmọ ọdún 13 sókè, M sì wà fún ẹni ọdún 17 sókè.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi eré mẹ́ta sórí àtẹ, kí ọ̀kan ó kéré tán má ṣe jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ọpọ́n ayò, lúdò tàbí káàdì Whot kò gbọdọ̀ wọ́n nílé ọlọ́mọ. Bí ẹ bá ti tẹ́ àtẹ tán, ẹ jẹ́ kí ọmọ yàn. Ẹ má ṣe tì í sí èyí tí ẹ̀yin fẹ́ràn, nítorí pé bí ẹ bá bá a yàn án, ẹ ti gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dá àkókò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí inú bá ti bí yín. Ẹ sọ pé, "Bí o bá ti parí ìpele méjì, ó tó." Kí ó jẹ́ inú pálọ̀ ni yóò ti ṣe é, kí ó má ṣe jẹ́ orí ibùsùn, kí fóònù má sì ṣe dé ibi oúnjẹ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe fi káàdì báńkì yín sílẹ̀ nínú fóònù tí ọmọ ń lò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àṣírí ti ọ̀nà ìsanwó. Ọmọdé kò mọ̀ pé owó ọjà ni òun ń tẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú. Ìyàwó ilé mélòó ni ó ń pe ọmọbìnrin wá síbi àdògán nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin di pádì mú ní pálọ̀? Iṣẹ́ ilé dára, èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ilé ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin àti obìnrin jọ fọ abọ́, kí wọ́n sì jọ pín àkókò eré ní dọ́gbadọ́gba. Bí bàbá wọn bá ní ti ọkùnrin ni géèmù, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé, "Bàbá wọn, ẹ ṣàánú. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó yan eré nílé, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti ń yan iṣẹ́ àti ọkọ lóde?" N kò rò pé baálé tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò bínú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé òun kò ní àyè gbogbo èyí. Ọjà ń dúró, oúnjẹ wà lórí iná, ọmọ ọwọ́ sì ń sunkún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò gba àyè púpọ̀. Bí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí ẹ ń ká aṣọ, ẹ lè béèrè pé, "Èwo ni o yàn lónìí? Kí ni ó dé tí o fi yàn án?" Ọmọ tí ó mọ̀ pé wọn yóò bi òun yóò ti máa ronú kí ó tó yàn.

Bí ó bá dáhùn pé, "Ó kàn wù mí ni, mà," ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo àtẹ tí ẹ tẹ́ fún un, bóyá ohun tí ó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ẹ bá a fi òmíràn kún un ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ẹ sì tún béèrè.

Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì fún wọn ní ọgbọ́n láti yan èyí tí ó dára.